Bí ẹ ṣe lè ka Accounting àti Information Systems pọ̀ ní Amẹ́ríkà láì fi ọdún ṣòfò

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ wọ yunifásítì kan ní Houston tàbí Baltimore láti ka Accounting. Nígbà tó di àárín ọdún kẹta, ó gbọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀dítọ̀ ń wá ẹni tó mọ ìwé owó, tó sì mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú ìwé owó náà. Ó lọ fi Information Systems kún un. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé kọ́ọ̀sì kíkọ kóòdù ló ṣáájú ti dátábéèsì, pé dátábéèsì ló ṣáájú Systems Analysis, àti pé ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ èyí tó kẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin di mẹ́fà. Owó ìrànwọ́ tán lójú ọ̀nà, tàbí ọjọ́ tó wà lórí I-20, ìwé àṣẹ ẹ̀kọ́ tí yunifásítì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, pé. Ó ju ọ̀kan sílẹ̀.

Ọpọlọ rẹ̀ gbé e. Ètò ni kò ṣe. Ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ní kọ́ọ̀sì púpọ̀ tí wọ́n jọ ń lò. Ẹni tó bá to tirẹ̀ láti ọdún kìíní, kírẹ́dítì kan náà á ṣiṣẹ́ fún Accounting, á ṣiṣẹ́ fún Information Systems, á sì tún wọnú kírẹ́dítì 150 tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń béèrè tipẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba CPA, ìwé-àṣẹ ìjọba fún oníṣirò owó. Bí a ṣe ń tò ó ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé ìlànà kọ́ọ̀sì yunifásítì yín tí wọ́n ń pè ní catalog, ti ọdún tí ẹ wọlé gan-an. Tọdún yìí lè ti yí padà, ṣùgbọ́n ti ọdún tí ẹ wọlé ni wọ́n sábà máa ń fi dá yín lẹ́jọ́.
- Degree audit yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń fi kọ́ọ̀sì tí ẹ ti kà àti èyí tó kù hàn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń lo Degree Works. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ What-If sí nínú rẹ̀; ibẹ̀ lẹ ti lè dán ẹ̀ka mìíràn wò.
- Ohun tí ìgbìmọ̀ CPA ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ń béèrè, láti ojú-ìwé ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ti Texas yàtọ̀ sí ti New York.
- Tí ẹ bá ti kàwé díẹ̀ ní yunifásítì nílé, transcript yín pẹ̀lú àlàyé kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan: ohun tí wọ́n kọ́ yín, iye wákàtí, ìwé tí wọ́n lò.
- I-20, fún ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ F-1. Fún ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card, àkọsílẹ̀ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀.
- Ojú-ìwé Excel kan ṣoṣo. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan á ní ìlà tirẹ̀. Ẹ ya òpó mẹ́rin sí i: kírẹ́dítì rẹ̀, kọ́ọ̀sì tó ṣáájú rẹ̀, sáà tí wọ́n ń kọ́ ọ, àti ibi tó ti kà (A fún Accounting, I fún Information Systems, C fún CPA).

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu bóyá ìwé-ẹ̀rí kan ni tàbí méjì

Nǹkan méjì tó yàtọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè ní double degree. Èkíní ni double major: ẹ̀ka ẹ̀kọ́ méjì lábẹ́ dìgírì kan, ìwé-ẹ̀rí kan, orúkọ méjèèjì á sì hàn lórí transcript. Èkejì ni dìgírì méjì gidi, ìwé-ẹ̀rí méjì. Dìgírì kan sábà máa ń gba kírẹ́dítì 120. Fún èkejì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè 30 sí i ó kéré tán, àròpọ̀ rẹ̀ á di 150, wọ́n sì lè ní dandan ni kí ẹ ka 30 náà lọ́dọ̀ àwọn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ yín. Tí méjèèjì bá wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì òwò, double major ni wọ́n máa fún yín, torí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í fún ẹnì kan ní BBA (dìgírì òwò) méjì. Tí Information Systems bá wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ǹpútà tàbí ti ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kí dìgírì méjì nìkan jẹ́ ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Àwọn kọ́ọ̀sì gbogboogbò ibẹ̀ sì lè yàtọ̀: wọ́n lè béèrè Calculus tó wúwo ju ti oníṣòwò lọ, àti sáyẹ́ǹsì tó ní iṣẹ́ yàrá ìwádìí.

Lójú tèmi, double major ló dára fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Agbanisíṣẹ́ ń wo ẹ̀kọ́ tí ẹ kà àti ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe. Ẹni tó yẹ kó wá ìwé-ẹ̀rí méjì ni ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀, tàbí ẹni tó máa ka 150 níbẹ̀ lọ́nàkọnà, tí owó rẹ̀ sì ká a.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ. Accounting Information Systems jẹ́ kọ́ọ̀sì kan ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo ní ibòmíràn. Kò rọ́pò ẹ̀ka méjì. Ẹ wò ó bákan náà bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì òwò náà ní ìfọwọ́sí AACSB, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ òwò wò. AACSB tún ń fún ẹ̀ka Accounting ní ìfọwọ́sí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fún Information Systems tó wà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ǹpútà, ìfọwọ́sí ABET, tó ń yẹ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ wò, ni kí ẹ wá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ kọ gbólóhùn kan sókè Excel yín: orúkọ dìgírì, orúkọ ẹ̀ka méjèèjì, iye kírẹ́dítì lápapọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí olùdámọ̀ràn yín ní ímeèlì. Tó bá fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tọ́jú èsì náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka ohun tí wọ́n jọ ń lò

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Iye tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀. Ká ní kọ́ọ̀sì gbogboogbò jẹ́ 42. Kọ́ọ̀sì òwò tí gbogbo ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń kà (irú bíi ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjèèjì, ìṣirò àkójọ-dátà, òfin òwò, Finance, Marketing, Management, àti Accounting méjì ti ìpìlẹ̀) jẹ́ 36. Accounting fúnra rẹ̀ jẹ́ 27, Information Systems jẹ́ 24. Ẹni tó ka Accounting nìkan, 42 pẹ̀lú 36 pẹ̀lú 27 jẹ́ 105. Á wá fi kọ́ọ̀sì àṣàyàn 15 dí i kó tó di 120. Ẹni tó ka méjèèjì, 129. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbà kí Accounting Information Systems kà síbi méjèèjì, 126.

Ẹ wò ó dáadáa: kírẹ́dítì mẹ́fà péré ló yà wọ́n. Àyè àṣàyàn 15 tí ẹlòmíràn ń fi ka ohun tó bá wù ú ni ẹ máa gbé fún Information Systems. Ìdí rèé tí kò fi yẹ kí ẹ ka kọ́ọ̀sì àṣàyàn kankan ní ọdún kìíní àti ìkejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi mẹ́sàn-án nínú 15 yẹn ka ohun tó rọrùn láti gba A ti san owó tí kò ní padà.

Láti 126 dé 150 ti CPA, ó ku 24. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tí iye Accounting àti òwò tí wọ́n dárúkọ bá ti pé, kírẹ́dítì tó kù lè jẹ́ ohunkóhun, títí kan ti community college, níbi tí owó ẹ̀kọ́ ti kéré gan-an sí ti yunifásítì. Ẹ ka òfin ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, torí pé àwọn kan ní kí Accounting kan jẹ́ ti ìpele òkè, kí ó má ṣe jẹ́ ti community college. Texas tún ń béèrè kọ́ọ̀sì ìwà ọmọlúàbí iṣẹ́ oníkírẹ́dítì mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Ethics ló kúnjú òṣùwọ̀n.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti ilé: ẹ gba àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí tó to kọ́ọ̀sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti WES, ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkèèrè wò, tàbí ọmọ ẹgbẹ́ NACES (ẹgbẹ́ irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀) mìíràn tí yunifásítì náà bá gbà. Ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, ìṣirò, àti Accounting ti ìpìlẹ̀ lè kọjá. Èyí tó sábà máa ń há ni Intermediate Accounting, ó sì ní ìdí. Láti 2012 ni Nàìjíríà ti ń lo IFRS, ìlànà ìṣirò owó àgbáyé, Amẹ́ríkà sì ń lo tirẹ̀, US GAAP. LIFO (ìṣirò tó gbà pé ọjà tí a rà kẹ́yìn la kọ́kọ́ tà), tí IFRS kọ̀ fún kíka iye ọjà inú ilé-ìtajà, ni Amẹ́ríkà gbà láàyè, ó sì máa ń jáde nínú ìdánwò. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ tún Intermediate kà, ẹ má jà á. Ohun tí ẹ máa jà fún ni kọ́ọ̀sì òwò, ibẹ̀ sì ni àlàyé kọ́ọ̀sì tí ẹ kó wá ti máa gbè yín.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí What-If, ẹ yan ẹ̀ka méjèèjì, ẹ jẹ́ kó ṣírò. Iye kírẹ́dítì tó kù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti Excel yín mu. Tí kò bá bá a mu, kọ́ọ̀sì kan wà tí ẹ rò pé ó kà síbi méjì tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá a jáde kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to kọ́ọ̀sì tó ń ṣáájú ara wọn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí náà ẹ má sáré kà á.

Okùn Accounting rèé: Financial Accounting, lẹ́yìn náà Managerial, lẹ́yìn náà Intermediate I, Intermediate II, kí ẹ tó kan Auditing tàbí Advanced. Sáà márùn-ún ni, ẹ ò sì lè fò ọ̀kan. Okùn Information Systems rèé: ìfáárà sí MIS (Management Information Systems), kíkọ kóòdù (Python tàbí Java ní ọ̀pọ̀ ibi), dátábéèsì, Systems Analysis and Design, lẹ́yìn náà iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní capstone. Sáà márùn-ún náà ni.

Ọdún mẹ́rin jẹ́ sáà mẹ́jọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ okùn Information Systems ní sáà kẹfà, sáà kẹwàá ló máa parí rẹ̀, ìyẹn ọdún karùn-ún, tí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀. Tí capstone bá jẹ́ ti January nìkan, tó sì pàdánù rẹ̀, odidi ọdún kan ni á fi dúró.

Ètò tó ń yọrí sí rere ni kí okùn méjèèjì máa rìn pọ̀:

Sáà 1: ìfáárà sí MIS, ìṣirò, kọ́ọ̀sì gbogboogbò.
Sáà 2: Financial Accounting, ètò ọrọ̀-ajé, kọ́ọ̀sì gbogboogbò.
Sáà 3: Managerial Accounting, kíkọ kóòdù, ìṣirò àkójọ-dátà.
Sáà 4: Intermediate I, dátábéèsì, òfin òwò.
Sáà 5: Intermediate II, Accounting Information Systems, Finance.
Sáà 6: Cost Accounting, Systems Analysis, Marketing.
Sáà 7: Auditing, owó-orí, ààbò kọ̀ǹpútà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Sáà 8: Advanced Accounting, capstone, kọ́ọ̀sì òwò tó kù.

Àwọn tó wúwo ni mo dárúkọ; kọ́ọ̀sì gbogboogbò lẹ máa fi dí àyè tó kù. Ẹ wo sáà 5: ẹ ti mọ dátábéèsì kí ẹ tó wọ Accounting Information Systems. Ẹni tó ka dátábéèsì ṣáájú máa ń rí bí ìwé-owó ọjà kan ṣe ń kúrò nínú tábìlì ọjà títà bọ́ sínú tábìlì gbèsè oníbàárà. Ẹni tí kò kà á máa ń há a sórí bí àkọ́sórí lásán.

Ẹ ṣọ́ra fún máàkì. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń béèrè C gidi, kì í ṣe C-, nínú kọ́ọ̀sì tó ṣáájú, wọ́n sì lè dín iye ìgbà tí ẹ lè tún Intermediate kà kù. Ìkùnà kan nínú Intermediate I ń ti gbogbo okùn náà sẹ́yìn. Tí ìdánwò àárín sáà bá fi hàn pé ó ń wó, ẹ ju kọ́ọ̀sì mìíràn sílẹ̀ kí ẹ gbá Intermediate mú. Ẹni F-1 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì sọ̀rọ̀ kó tó ju ohunkóhun sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Nínú Excel, ẹ fi ojú wo òpó kọ́ọ̀sì aṣáájú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí ìlà kankan tí aṣáájú rẹ̀ wà ní sáà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ètò kọ́ọ̀sì ọdún méjì sẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ mọ èyí tí wọ́n ń kọ́ ní August nìkan tàbí January nìkan.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pín ẹrù sáà kọ̀ọ̀kan

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba iye owó kan náà fún kírẹ́dítì 12 títí dé 18. Níbẹ̀, ẹni tó ka 16 kò san ju ẹni tó ka 12 lọ, ọ̀nà tó rọrùn jù láti dé 126 sì nìyẹn. Tí tiyín bá ń gba owó lórí kírẹ́dítì kọ̀ọ̀kan, àǹfààní yìí kò sí.

Ẹ má kó kọ́ọ̀sì tó wúwo ju mẹ́ta lọ sínú sáà kan. Intermediate ń fẹ́ ìdánrawò lójoojúmọ́. Kíkọ kóòdù ń gba wákàtí tí ẹ ò lè díwọ̀n ṣáájú, torí pé àṣìṣe kékeré kan lè jẹ odidi alẹ́. Systems Analysis ń fẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín sì lè máa ṣiṣẹ́ lálẹ́. Ẹ fi kọ́ọ̀sì tí a ń kọ àròkọ fún wé wọn, kí ìdánwò gbogbo wọn má bàa bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan.

Sáà ẹ̀ẹ̀rùn dára fún òfin òwò, Marketing àti kọ́ọ̀sì gbogboogbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka Intermediate II ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe, tí àwọn olùkọ́ kì í sábà sọ: ẹ fi ìwé owó ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá Information Systems yín. Nígbà tí olùkọ́ dátábéèsì bá ní kí ẹ yan ohun tí ẹ máa ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ yan ilé-ìtajà tó ń ra ọjà. Ẹ ṣe tábìlì fún àwọn tó ń kó ọjà wá, tábìlì fún ìwé-owó wọn, tábìlì fún owó tí a san. Lẹ́yìn náà ẹ fi SQL, èdè tí a fi ń bi dátábéèsì léèrè, kọ ìbéèrè tó máa wá ìwé-owó tí a san lẹ́ẹ̀mejì: ẹni kan náà, iye kan náà, nọ́ńbà ìwé-owó kan náà. Ẹ tún kọ òmíràn tó máa wá ẹni tó dá orúkọ olùpèsè sílẹ̀ tí òun kan náà sì tún fọwọ́ sí owó rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀dítọ̀ kọ̀ǹpútà ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ ńlá gan-an nìyẹn. Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ máa ní nǹkan tí ẹ lè ṣí hàn.

*Àyẹ̀wò:* Ní ìparí sáà 4, ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ JOIN (àṣẹ SQL tó ń so tábìlì pọ̀) lórí tábìlì mẹ́ta láì wo ìwé, kí ẹ sì lè ṣe àkọsílẹ̀ owó tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí ẹ ò bá lè ṣe, òun ni kí ẹ fi sáà ẹ̀ẹ̀rùn tún kọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Owó àti ìwé ìgbélùú

*Fún ẹni tó wà lórí F-1.* Kírẹ́dítì 12 ni ó kéré jù ní sáà gbogbogbò kọ̀ọ̀kan, kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan péré, oníkírẹ́dítì mẹ́ta, ló sì lè kà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, tí wọ́n ń pè ní DSO, kọ ẹ̀ka kejì sínú SEVIS, àkọsílẹ̀ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìkejì ní kété tí ẹ bá ti fi kún un. Tí ẹ bá máa kọjá ọjọ́ tó wà lórí I-20, kí ọjọ́ náà tó pé ni ẹ máa béèrè àfikún, ìdí ẹ̀kọ́ tàbí ti ìlera tó lágbára sì ni òfin ń fẹ́, irú bíi yíyí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ padà. Òfin kò gba pé ẹ pẹ́ nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ fi yín sí abẹ́ ìkìlọ̀ fún máàkì tó burú.

OPT, àṣẹ tí ẹni F-1 fi ń ṣiṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu, ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Oṣù 12 ni fún ìpele ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Bachelor méjì, ìpele kan ni, OPT kan ni. Ohun tó lè fi oṣù 24 kún un ni pé kí ẹ̀ka kan nínú méjèèjì wà lórí àkójọ STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò) ti ìjọba. Accounting, tí nọ́ńbà CIP rẹ̀ (nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mọ̀) jẹ́ 52.0301, kò sí níbẹ̀. Information Systems dá lórí nọ́ńbà tí ilé-ẹ̀kọ́ yín lò: 11.0103, 11.0401 àti 52.1301 wà lórí àkójọ náà. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì lè máa kọ́ ohun kan náà kí nọ́ńbà wọn yàtọ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà yìí kí ẹ tó yan ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí àkókò bá tó, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá ẹ̀ka STEM náà tan, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú E-Verify, ètò ìjọba tó ń yẹ àṣẹ iṣẹ́ wò, ẹ̀yin méjèèjì sì máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù I-983. Iṣẹ́ ọ̀dítọ̀ kọ̀ǹpútà rọrùn láti ṣàlàyé níbẹ̀ ju kíkún ìwé owó-orí lọ.

*Fún ẹni tó ń gba owó nípasẹ̀ FAFSA.* Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba tí a kì í san padà, kò kọjá iye tó bá sáà kíkún 12 mu láyé ẹni. Ilé-ẹ̀kọ́ tún ń wo kírẹ́dítì tí ẹ ti gbìyànjú: kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn ètò náà lọ, ìyẹn 180 fún ètò 120, èyí tí ẹ kùnà àti èyí tí ẹ jù sílẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Owó tí ìjọba àpapọ̀ lè yá akẹ́kọ̀ọ́ bachelor tó ṣì wà lábẹ́ òbí kò ju dọ́là 31,000 lọ lápapọ̀.

Ìkìlọ̀ tó tóbi jù ní abala yìí: ẹ má gba ìwé-ẹ̀rí Accounting ṣáájú kí ẹ wá máa ka èkejì lọ. Ẹni tó bá ti gba bachelor kan, Pell Grant rẹ̀ ti dópin. Ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n fún yín ní méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì ìjọba Texas tàbí Florida, àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì ní owó àlékún fún ẹni tí kírẹ́dítì rẹ̀ bá pọ̀ kọjá ààlà. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà bí ẹ̀ka kejì ṣe kan ààlà náà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹni F-1, ẹ wo I-20 tuntun yín: ẹ̀ka méjèèjì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ẹni FAFSA, ẹ wọ ojú-ìwé studentaid.gov, ẹ wo iye Pell tí ẹ ti lò, ẹ fi wé sáà tó kù nínú Excel.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ forúkọ ẹ̀ka kejì sílẹ̀

Èyí kò gba àkókò. Ẹ kún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ẹ̀ka kejì, kí olùdámọ̀ràn ẹ̀ka méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ fi fún rẹ́jísírà. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ààlà GPA àti ààlà kírẹ́dítì, wọn kì í sì í gba ẹni tó ti kọjá ààlà náà. Kí ẹ ṣe é kí sáà kẹta tó parí.

*Àyẹ̀wò:* Degree audit gidi, kì í ṣe ti What-If, ń fi ẹ̀ka méjèèjì hàn.

Ìgbésẹ̀ 7: Iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Deloitte, PwC, EY àti KPMG ní ẹ̀ka tó ń yẹ kọ̀ǹpútà oníbàárà wò, àwọn ilé-iṣẹ́ ọ̀dítọ̀ ńlá sì máa ń yan akẹ́kọ̀ọ́ ju ọdún kan ṣáájú ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọdún kẹrin ti pẹ́. Inú sáà kẹta tàbí ìkẹrin ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìpàdé wọn nílé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ January sí April ń kọ́ni gan-an torí pé ìgbà náà ni iṣẹ́ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó lè gba ipò Systems Analysis lọ́wọ́ yín tó bá jẹ́ January nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ti ẹ̀ẹ̀rùn kì í ba ètò jẹ́. Ẹni F-1 gbọ́dọ̀ ti lo odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan kó tó lè gba CPT, àṣẹ iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹni tó ṣì ń kàwé, kí ó sì rí àṣẹ náà lórí I-20 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní.

Ohun tí wọ́n máa bi yín: ta ló láṣẹ láti wọ ètò kọ̀ǹpútà náà, ta ló lè yí kóòdù rẹ̀ padà, báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀dà dátà? Mẹ́ta yìí ni ìpìlẹ̀ àyẹ̀wò tí òfin Sarbanes-Oxley ti 2002, abala 404, sọ di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìpín fún gbogbo ènìyàn. Ẹ mọ ìyàtọ̀ SOC 1 àti SOC 2, ìròyìn àyẹ̀wò lórí ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn mìíràn ṣiṣẹ́, pẹ̀lú: SOC 1 ń wo ohun tó kan ìwé owó oníbàárà, SOC 2 ń wo ààbò, àṣírí àti bí ètò náà ṣe ń wà ní lílò.

*Àyẹ̀wò:* Ìwé ìtàn iṣẹ́ yín ní iṣẹ́ dátábéèsì ilé-ìtajà yẹn nínú, ẹ sì lè ṣàlàyé rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì fún ẹni tí kò mọ kóòdù.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìdánwò CPA àti ìparí ẹ̀kọ́

Láti January 2024, abala mẹ́rin ni ìdánwò náà: AUD (ọ̀dítì), FAR (ìṣirò àti ìròyìn owó) àti REG (owó-orí àti òfin) fún gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn náà ọ̀kan tí ẹ máa yàn nínú BAR (ìtúpalẹ̀ òwò àti ìròyìn owó), ISC (ètò kọ̀ǹpútà àti ìdarí rẹ̀) àti TCP (owó-orí àti ètò rẹ̀). Ẹ̀yin tí ẹ ka ẹ̀ka méjèèjì yìí, ISC ni tiyín. Ètò kọ̀ǹpútà àti dátà gba ìdá 35 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ààbò àti àṣírí gba iye kan náà, SOC gba 15 sí 25. SQL wà nínú rẹ̀. Ìwé-àṣẹ tí ẹ máa gbà kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó yan TCP. Ẹ ṣe é nígbà tí kọ́ọ̀sì ààbò àti Accounting Information Systems ṣì wà lórí ahọ́n yín. Máàkì 75 la fi ń yege abala kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fún ẹni tó bá yege abala kan ní oṣù 30 láti parí ìyókù.

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń jẹ́ kí ẹ jókòó ṣe ìdánwò pẹ̀lú 120, kí ẹ tó pé 150 fún ìwé-àṣẹ. Òfin yìí sì ń yí padà: ní January 2025, Ohio fọwọ́ sí òfin tó ṣí ọ̀nà mìíràn láti 2026, bachelor pẹ̀lú ìrírí ọdún méjì, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó fún kírẹ́dítì 24 tó kù yẹn, ẹ tún òfin ìpínlẹ̀ yín kà. Ẹni tí kírẹ́dítì rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ lè ní kí NASBA International Evaluation Services, ẹ̀ka àyẹ̀wò ti ẹgbẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ CPA, yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tọ̀. Àyẹ̀wò tí yunifásítì gbà kò fi dandan jẹ́ èyí tí wọ́n máa gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ CISA, ìwé-ẹ̀rí ọ̀dítọ̀ kọ̀ǹpútà ti ẹgbẹ́ ISACA, lè ṣe ìdánwò rẹ̀ kó tó ní ìrírí ọdún márùn-ún tí wọ́n ń béèrè. Ìwé ẹ̀kọ́ yín sì lè dí díẹ̀ lára ọdún náà. Èmi á parí CPA ná.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kẹ́yìn, ẹ kún fọ́ọ̀mù ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Níbi tó ti jẹ́ dìgírì méjì, fọ́ọ̀mù méjì ni ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ gba transcript tí kì í ṣe ti òǹtẹ̀ kí sáà tó parí. Accounting àti Information Systems gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àpapọ̀ kírẹ́dítì tó bá Excel yín mu. Tí ọ̀kan bá sọnù, ẹ kọ ímeèlì sí rẹ́jísírà kíákíá, kí ẹ so èsì tí olùdámọ̀ràn kọ sí yín ní ìgbésẹ̀ 1 mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún yín ní dìgírì, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣí àkọsílẹ̀ náà mọ́.